Igi Róòsì Wúrà

Ẹnu Dúrótoyè ló kó bá a. Kò sẹ́ni tó bi í, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde láàárín àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń jíròrò ibi tí wọn yóò sin Wúrà, ìyàwó rẹ̀, sí. Àwọn àna ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá, wọ́n ní ilé ni àwọn yóò gbé ọmọ àwọn lọ. Dúrótoyè ní rárá, Warri ni Wúrà ti lo ọdún mọ́kàndínlógójì, Warri ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà, Warri náà ni òdòdó rẹ̀ wà. Nígbà tó rí i pé wọn kò fẹ́ gbà, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò rò tẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Tó bá fi máa pé ọdún kan, òdòdó funfun láti ara igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni yóò wà lórí sàréè rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wá bi mí.”

Adéfọláhàn, àbúrò Wúrà, wò ó títí. “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. A ó wá wò ó.”

Bí wọ́n ṣe sin Wúrà sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, nínú oṣù kẹsàn-án, tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́.

Ohun tí Dúrótoyè kò sọ fún àwọn àna rẹ̀ ni pé òun kò mọ nǹkan kan nípa òdòdó. Páìpù ló tà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, páìpù àti ẹ̀rọ omi àti táńkì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Igbó, òun náà sì ti ro oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáadáa kó tó sá wá sí Warri. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ nípa ohun tó ń hù láti inú ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ló parí sí.

Ẹ̀yìnkùlé wọn ní àdúgbò Edjeba kò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn lè gbé ọkọ̀ méjì sí lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, odò kò sì jìnnà. Lásìkò òjò, bí èèyàn bá gbẹ́ ilẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan péré, omi ti sun. Tíṣà ni Wúrà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, tó ń gbé ilé ìjọba ní Ajamimogha, ló fún un ní igi róòsì mẹ́ta nígbà tó ń fẹ̀yìn tì. Kò tó oṣù méjì tí méjì nínú wọn fi rà ní gbòǹgbò. Wúrà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ru iyanrìn, ó ru ìgbẹ́ adìẹ tó ti gbó, ó mọ òkìtì kan tó ga dé orúnkún, ó sì gbé ìkẹta gorí rẹ̀. Ìyẹn ló yè.

Kì í ṣe irú òdòdó wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń gbìn sí ara ọgbà. Igi yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀: ọ̀pá gígùn kan, òdòdó kan. Yóò kọ́kọ́ ṣẹnu ṣóńṣó fún bí ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀, ewé òdòdó rẹ̀ á ká sẹ́yìn, funfun rẹ̀ á sì rí bí ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tòrò. Funfun ní Warri sì rèé, iṣẹ́ ni. Òjò ń sọ etí rẹ̀ di rúsúrúsú, ẹ̀ẹ̀rùn ń da eruku dúdú èéfín iléeṣẹ́ epo lé e láti ojú ọ̀run. Wúrà ń fi ọ̀rá bò ó lójò, ó ń fi omi ọṣẹ fọ ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, yóò gé ọ̀kan tàbí méjì fún pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti gé e tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sídìí igi, yóò fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀, bó bá sì rí ọ̀mùnú kan tó ń yọ láti ìsàlẹ̀, yóò fà á tu.

Orí àga ni Dúrótoyè máa ń wà ní gbogbo àsìkò yìí, pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Ó bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, “Wúrà, kí ló dé tí o kì í jẹ́ kí igi yìí bímọ?”

Wúrà rẹ́rìn-ín. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka ìwé ìròyìn yín.”

Ó sì ń kà á lọ.

Nígbà tí Wúrà kú tán, Dúrótoyè gba iṣẹ́ igi náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba ipò nínú ìjọ. Ó ń bomi sí i láàárọ̀, ó ń bomi sí i lálẹ́, bí ẹni ń bomi sí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, àmì dúdú yọ lára wọn, wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù Kejìlá, ó yọ òdòdó kan ṣoṣo, tínrín, tó kú kó tó ṣí tán. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa lọ, ẹ̀ka mẹ́ta ló kù, ọ̀kan ti gbẹ láti orí wálẹ̀. Ẹ̀rù ba Dúrótoyè. Ó wá di pé kó tó gbàdúrà òwúrọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni yóò kọ́kọ́ lọ, yóò dúró níwájú igi náà bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

Òjò àkọ́rọ̀ dé nínú oṣù kẹta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀mùnú mẹ́ta yọ láti ìdí igi, wọ́n sanra, orí wọn pọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìṣojú ẹni ni wọ́n ti ń ga. Inú Dúrótoyè dùn dé góńgó. Kí ni bàbá rẹ̀ kò wí tán? Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ó pe Ànúolúwapọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Wúrà bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá.

“Igi màmá rẹ ti yọ ọmọ! Mẹ́ta!”

Ànúolúwapọ̀ gbọ́ Yorùbá bí omi, ṣùgbọ́n Warri ni wọ́n bí i sí. Ó ní, “Daddy, thank God o. You don chop?”

Lucy wá fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin Urhobo ni Lucy, aránṣọ, ọ̀rẹ́ Wúrà tímọ́tímọ́, ilé rẹ̀ sì kan tiwọn. Ilẹ̀kùn pákó kékeré kan wà lára ọgbà tí àwọn obìnrin méjèèjì máa ń gbà wọlé ara wọn láìkan ilẹ̀kùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Dúrótoyè ti ibi tó ti lọ ra búrẹ́dì dé, ó bá Lucy tó bẹ̀rẹ̀ sídìí igi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fà á tu.

“Lucy! Wetin you dey do there?”

“Papa Anu, good morning. This ones wey dey come from ground, no leave am o. Mama Anu no dey ever leave am. E go kill the main one.”

“Na you plant am?”

“No be me plant am, but I dey here when she dey—”

Ọ̀rọ̀ kan tó ti pẹ́ nínú Dúrótoyè ló bọ́ síta lọ́jọ́ náà. Ó tó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tó rí Lucy tó ń gba ilẹ̀kùn pákó yẹn jáde, tó fi ìwé ìròyìn tútù wé ẹ̀ka róòsì bíi mélòó kan há abíyá. Ó sọ fún Wúrà nígbà yẹn pé ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dúró. Wúrà kò dá a lóhùn. Àìdáhùn yẹn ni Dúrótoyè fi ṣe ẹ̀rí.

Ó ní, “The one wey you thief that time never do you? You wan come finish am?”

Lucy dìde. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fi ọ̀mùnú tó fà tu sílẹ̀ lórí òkìtì jẹ́jẹ́, ó sì gba ilẹ̀kùn pákó lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, Dúrótoyè ti fi pákó mẹ́ta kan ilẹ̀kùn náà pa. Ìṣó tó lò pọ̀ ju èyí tí ilẹ̀kùn ńlá ń fẹ́ lọ.

Ọmọ méjì tó kù ń dàgbà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, wọ́n ti dé àyà rẹ̀. Ìyá wọn kò kú, kò yè, ewé bíi méje ló kù lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ ohun tó kàn: bí ọmọ bá ti lágbára, gígé ni wọ́n ń gé ìyá, kó má baà bá ọmọ du oúnjẹ. Dúrótoyè gbé ayùn tó fi ń gé páìpù jáde. Nítòsí ilẹ̀, kókó kan wú lára igi náà bí eékún arúgbó, ó rò ó pé àrùn ni, ó sì gé e nísàlẹ̀ kókó náà, kí àrùn má ṣẹ́ kù. Ojú ibi tó gé mọ́ tónítóní. Ó gbé igi tí Wúrà gbìn, ó sọ ọ́ sórí ààtàn, inú rẹ̀ sì dùn pé òun ṣiṣẹ́.

Kí a má parọ́, àwọn ọmọ náà gba oríyìn. Wọ́n ga ju Dúrótoyè lọ, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ, ó ní láti fi páìpù tì wọ́n. Ó da ajílẹ̀ sí wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún ń fẹ́ sí i. Ẹ̀gún wọn pọ̀ ju ti ìyá wọn lọ. Ó ṣàkíyèsí pé ewé márùn-ún ló máa ń wà lára igi ewé kọ̀ọ̀kan tí ìyá ní, ṣùgbọ́n méje ló wà lára ti àwọn ọmọ. Ó kà á sí ìlọsíwájú.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, wọ́n yọ òdòdó, kì í ṣe ẹyọ kan lórí ọ̀pá kan, ìdì ìdì ni, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò tíì ṣí. Ìrántí ọdún kan ku ọjọ́ mẹ́wàá. Dúrótoyè fúnra rẹ̀ ló tẹ Adéfọláhàn láago.

“Ẹ máa bọ̀ o,” ó ní. “Òdòdó ti dé.”

Èyí àkọ́kọ́ ṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó kéré, ewé òdòdó márùn-ún péré ló ní, pẹlẹbẹ. Ó sì pupa bí ata gbígbẹ.

Dúrótoyè kò kọ́kọ́ dààmú. Omi kànga ẹ̀rọ àdúgbò wọn ní ìpẹtà, aṣọ funfun tí wọ́n bá fi fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti di pupa rúsúrúsú; ó dá a lójú pé omi yẹn ló fà á. Ó já píọ́ wọ́tà kan, ó fi fọ òdòdó náà láti ewé dé ewé. Ó fi etí aṣọ nù ún. Pupa náà kò yí padà. Ní ọjọ́ Ajé, nǹkan bí ogójì ti ṣí, kò sí ẹyọ funfun kan nínú wọn. Ó yà wọ́n lórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí Ànúolúwapọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ànúolúwapọ̀ pè padà. Ó ti fi àwòrán náà han obìnrin kan tó ń tọ́jú òdòdó níbi iṣẹ́ rẹ̀.

“Daddy, this no be Mummy own. Na two different tree dem join together. The one wey dey ground na bush rose, dem just want him strong root. Na the one wey dey up be Mummy own. Anything wey comot from under the join, na bush own. Na why she dey always pluck am.” Ó wá béèrè pé, “Daddy, where the up one?”

“Mo ti gé e.”

Nígbà tí Ànúolúwapọ̀ máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló sọ, ìyẹn tí kì í sábà sọ. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Daddy.”

Dúrótoyè jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì. Ó dùn ún pé igi lọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó dùn ún ju ìyẹn lọ. Gbogbo Sátidé, ọdún lórí ọdún, níwájú òun níbẹ̀ ni Wúrà ti ń bẹ̀rẹ̀, tó ń tú iyẹ̀pẹ̀, tó ń fa ọ̀mùnú tu. Òun bi í lẹ́ẹ̀kan, ó fi ẹ̀rín dáhùn, òun kò sì tún bi í mọ́. Kì bá tí ná an ní nǹkan kan láti bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin náà sunkún níbẹ̀, kò bojú wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wo òun.

Lọ́jọ́ kejì, Ànúolúwapọ̀ tún pè. Ó ní òun lè ra róòsì funfun ní Àbújá, kí òun gbé e bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. “Daddy, who go know?”

“Èmi.”

“But Uncle them—”

“Mo ní èmi, Ànú. Èmi á mọ̀.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn pákó tó kàn pa. Ìgbà yẹn ló rántí ìwé ìròyìn tútù abẹ́ abíyá Lucy, ó sì wá yé e pé ẹ̀ka tí wọ́n bá jí gé kì í gba ìwé ìròyìn tútù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ló wé e bẹ́ẹ̀. Ta ló sì mọ iṣẹ́ nílé náà bí kò ṣe Wúrà?

Ó yẹ kó rán àgbààgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin ló kù, ta ni yóò sì rán, kí ni ìránṣẹ́ náà yóò sọ? Ó wọ ẹ̀wù, ó dé fìlà, ó gba ojú títì yí ká, nítorí ìṣó tirẹ̀ ti dí ọ̀nà kúkúrú. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló bá Lucy, lábẹ́ àtíbàbà iwájú ilé rẹ̀.

Láti ogójì ọdún tí Dúrótoyè ti wà ní Warri, àìmọye ọmọ Urhobo ló ti kúnlẹ̀ kí i pé “Mígwo”, tí òun náà sì ti dá wọn lóhùn pé “Vrẹndo”. Ọmọdé ló ń kí àgbà bẹ́ẹ̀. Òun kò kí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Lucy sì rèé, Dúrótoyè fi ọdún mẹ́rìnlá jù ú lọ. Ó ṣí fìlà, ó di òpó àtíbàbà mú, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀, ó wá fi èkejì tẹ̀ lé e.

“Mígwo,” ó ní.

Lucy fò dìde débi tí òwú fi já. “Ah! Papa Anu! Abeg, get up! You want make my people curse me? Who die?”

“The tree. Na me kill am. With my hand.” Kò dìde. “You talk am, I call you thief. Lucy, I dey beg you.”

Lucy kò sọ pé ó ti tán. Omi lé ròrò sí i lójú, ojú rẹ̀ sì le síbẹ̀. “That word pain me,” ó ní. “I bury my friend, you come call me thief for her house.” Lẹ́yìn náà ló dì í lápá, ó fà á dìde. “Come.”

Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ ojú fèrèsé ìdáná, ike ọ̀dà ńlá kan wà tí wọ́n lu ihò sí nídìí. Igi róòsì kan wà nínú rẹ̀ tí kò ga ju ìbàdí lọ. Ọ̀rá bo orí méjì nínú ẹ̀ka rẹ̀. Lucy ṣí ọ̀kan. Ó funfun, ẹnu rẹ̀ ṣì ṣe ṣóńṣó.

Wúrà ló gé ẹ̀ka fún un, Lucy ṣàlàyé. Àwọn méjèèjì ló jọ rì wọ́n bọ iyanrìn, márùn-ún kú, ẹyọ kan ta gbòǹgbò. Dúrótoyè ní kí Lucy jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun gbé ike náà lọ sílé.

Lucy mi orí. “No vex. When she dey hospital, she tell me. She say if Papa Anu come, make I give am flower. She say make I no give am tree.”

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Dúrótoyè láìròtẹ́lẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọdún kan, ó rín in títí tó fi di ògiri mú. Kò sí àní-àní, Wúrà ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ Sátidé ìrántí, àwọn àna mẹ́rin dé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, etí òdòdó náà ti di rúsúrúsú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣí, ó sì wà lórí sàréè. Lẹ́yìn àdúrà, Adéfọláhàn bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

“Ẹ̀gbọ́n, ara igi tí àǹtí wa gbìn rèé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ìbá tó. Kò ní jẹ́ irọ́ pátápátá. Ànúolúwapọ̀ ń wo bàbá rẹ̀.

“Igi tó gbìn, mo ti gé e,” Dúrótoyè ní. “Ayùn páìpù ni mo fi gé e. Mi ò mọ̀ ọ́n tọ́jú, mo sì lé ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ara ọmọ rẹ̀ tí Wúrà fún Lucy lèyí ti wá. Lucy nìyẹn.”

Adéfọláhàn dìde. Ó ti Ìjẹ̀bú-Igbó múra ìjà bọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo òdòdó, ó wo àna rẹ̀, ó wá lọ bá Lucy níbi tó dúró sí lẹ́yìn àwọn èèyàn, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un lórí koríko tútù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dúrótoyè fi òòlù yọ gbogbo ìṣó ara ilẹ̀kùn pákó. Ó mú sísọ́ọ̀sì Wúrà dání, ó kọjá sọ́dọ̀ Lucy láti gé òdòdó pẹpẹ. Kó tó fọwọ́ kan igi, Lucy ti gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀.

“First show me where you wan cut.”

Ó nàka. Lucy ní rárá. Dúrótoyè sún ìka wálẹ̀ díẹ̀, ó dé orí igi ewé kan tó ní ewé márùn-ún. Lucy ní ibẹ̀ ni, ó dá sísọ́ọ̀sì padà fún un, Dúrótoyè sì gé e.

Nígbà tó gé e tán, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí igi, ó fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ inú ike, bó ti rí i tí wọ́n ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀mùnú kékeré kan ń yọ láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ pọ́n. Ó fi ìka méjì dì í mú, ó dúró, ó gbójú sókè wo Lucy.

“Lucy, this one nko? Make I pluck am?”

“That one no get join. Na she be that, reach ground. Leave am.”

Ó fi iyẹ̀pẹ̀ bo ìdí rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀.